Ohun Tí Wọ́n Rì Mọ́lẹ̀ Lẹ́yìnkùlé Màmi

Ọjọ́ Ajé, 12 Ṣẹ́rẹ́

Pẹ̀lú ìrora ọkàn, ṣùgbọ́n pẹ̀lú ìtẹríba sí ìfẹ́ Ọlọ́run, ni mo fi kéde ìpapòdà ebè ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀ mẹ́rin, tí wọ́n dágbére fún ayé ní òwúrọ̀ yìí lẹ́yìnkùlé wa ní Òkè-Ìlá. Ẹnu ewúrẹ́ Alhaji Àkíbù ni wọ́n kú sí. Wọ́n fi Màmi, ọ̀gá ilé-ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, sílẹ̀ sáyé lọ, àti ọmọkùnrin kan, ìyẹn èmi, tí kò fẹ́ràn ẹ̀fọ́ tẹ́lẹ̀. Kò ní sí àìsùn òkú. Ewúrẹ́ ti parí ètò ìsìnkú.

Màmi kò sunkún. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Ayọ̀rìndé, ìwé-ẹ̀rí rẹ tó wà lára ògiri pálọ̀ yẹn, kí ló wà fún?"

Mo ní ilé kíkọ́ ni wọ́n kọ́ wa ní Poli.

"Ó dáa. Kọ́ ògiri."

Ọjọ́rú, 14 Ṣẹ́rẹ́

Mo lọ wo búlọ́ọ̀kù ní ọ̀nà Ìyìn. Ẹni tó ń tà á sọ iye rẹ̀ fún mi bí ẹni tó ń bá mi kẹ́dùn. Sìmẹ́ńtì gòkè nígbà Kérésìmesì, kò sì tíì rí ọ̀nà sọ̀kalẹ̀. Ọyẹ́ ti bo gbogbo nǹkan, ètè mi ti là bí ilẹ̀ tí mo fẹ́ gbẹ́.

Abdulsobur ni yóò gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ó ti gbẹ́ kànga káàkiri Adó. Ó wo ilẹ̀ wa, ó ní kò ní ṣòro. Mo gbà á gbọ́. Àwa méjèèjì jọ ṣe àṣìṣe yẹn.

Ọjọ́ Ajé, 19 Ṣẹ́rẹ́

Abdulsobur máa ń kọrin tó bá ń ṣiṣẹ́, orin kan náà, ẹsẹ kan náà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kó dé ibi tí ilẹ̀ wa ti pàdé ti Alhaji, orin dúró. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí a bá ya aṣọ tuntun. Nígbà tí mo yíjú padà, díígà wà níbì kan, Abdulsobur wà níbòmíràn. Ó jókòó sílẹ̀, ó ń wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì bí ẹni pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún un ni.

Ẹnu díígà ti dúdú, ó sì ti jẹ. Mo sáré lọ bá a, mo bi í bóyá ó ń gbọ́ mi.

"Mò ń gbọ́ yín, Injiníà. Eyín mi ló ń dùn mí."

Mi ò rẹ́rìn-ín. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ níbí kí n má baà gbàgbé pé mi ò rẹ́rìn-ín.

Gbogbo àdúgbò tú jáde. "Ẹ kú ewu o! A ò ní rí irú ẹ̀ mọ́ o!" Wáyà dúdú kan wà nínú ihò náà, ó bó lára, ó ń wò wá. Mo béèrè ẹni tó ni ín. Alhaji Àkíbù, tó ń ta táyà, bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wò ó, ó ní bóyá àwọn òyìnbó ló fi í sílẹ̀. Olúwọlé, òṣìṣẹ́ ìjọba tó háyà ilé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ní gbòǹgbò igi ni.

"Bọ̀dá Olúwọlé, gbòǹgbò wo ló ní kọ́pà nínú?"

"Àbúrò, igi oríṣiríṣi ló wà."

Ìṣẹ́gun, 20 Ṣẹ́rẹ́

Wáyà ti lọ. Ẹnìkan ti yọ ọ́, ó dí ihò náà, ó sì fi ọwọ̀ gbá ojú ilẹ̀. Irú ìmọ́tótó bẹ́ẹ̀ ṣọ̀wọ́n ládùúgbò yìí.

Ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ tí ẹnikẹ́ni kì í sọ ni pé ilẹ̀ wa ni ààlà. Tàràǹsífọ́mà òkè ń fún ọ̀dọ̀ Alhaji ní iná. Ti ìsàlẹ̀ ń fún àwa ní ìrètí. Nítorí náà, ẹni tó bá wà nísàlẹ̀ á bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó wà lókè sọ̀rọ̀, á fa wáyà kan gba abẹ́ ilẹ̀ kọjá, nítorí pé tó bá gba òkè, àwọn oníná á rí i. Abẹ́ ilẹ̀ wo? Tiwa ni. Ìpìlẹ̀ ògiri mi ní láti gé gbogbo wọn kọjá, bí ọ̀bẹ ṣe ń gé ilá.

Mélòó ni wọ́n? Níbo ni wọ́n gbà? Kò sí ẹni tó mọ̀. Béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, á wo ojú ọ̀run.

Ọjọ́bọ̀, 22 Ṣẹ́rẹ́

Khadeejah, ìyàwó Abdulsobur, wá. Oyún oṣù méje wà lára rẹ̀. Màmi fún un ní àga, kò jókòó.

"Bọ̀dá Ayọ̀, bí mo bá fẹ́ yá ènìyàn ní ìkòkò, mo máa ń wo ìdí rẹ̀ kó tó lọ. Tó bá dé, màá tún ìdí rẹ̀ wò."

Mo ní bẹ́ẹ̀ ló yẹ.

"Ọkọ mi ni mo yá yín. Ó ti ní òun máa padà wá parí iṣẹ́ yín, mi ò sì lè dá a dúró. Bí mo ṣe yá yín ni kí ẹ dá a padà fún mi." Ó yíjú sí ọ̀nà, ó tún yí i padà. "Ẹ̀yin lẹ kàwé rẹ̀. Ibikíbi tó bá fẹ́ gbẹ́, ẹ̀yin ni kí ẹ kọ́kọ́ fọwọ́ kàn án."

Mo gbà. Nígbà tí ó lọ tán, Màmi ní, "Ọmọ yẹn gbọ́n." Kò sọ ẹni tí òun ń fi í wé.

Ọjọ́ Ajé, 26 Ṣẹ́rẹ́

Mo lọ sí ọ́fíìsì kan ní Adébáyọ̀ tí mi ò ní dárúkọ, nítorí àwọn náà ò dárúkọ ara wọn fún mi. Mo béèrè àwòrán ibi tí wáyà iná gbà lábẹ́ ilẹ̀ Òkè-Ìlá. Obìnrin tó jókòó síbẹ̀ wò mí tàánútàánú.

"Àbúrò, orí òpó ni wáyà máa ń wà."

"Ọ̀kan wà nílẹ̀, mà. Ó ju ènìyàn nù."

"Kò sí nílẹ̀."

"Ó ju ènìyàn nù, mà."

"Nǹkan tí kò sí kì í ju ènìyàn nù."

Mo bọ́ sí ọ́fíìsì kejì, ti olómi, bóyá páípù wà lábẹ́ ilẹ̀ wa náà. Bàbá kan gbọn eruku kúrò lára àwòrán kan tó dàgbà jù mí lọ. Nínú àwòrán náà, àárín odò ni ilé wa wà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo lúwẹ̀ẹ́ wálé.

Ọjọ́rú, 28 Ṣẹ́rẹ́

Lónìí mo ṣe ohun tí ẹni tó lọ sí Poli nìkan lè ṣe. Mo rò pé àwọn ènìyàn máa ń ka ọ̀rọ̀ sí tí ẹni tó ń bi wọ́n bá múra. Mo yá akoto àti fẹ́sìtì aláwọ̀ ọsàn lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ mi tó ń ṣiṣẹ́ ọ̀nà, mo mú bírò, mo ń lọ láti ilé dé ilé láti béèrè ibi tí wáyà wọn gbà.

Bí mo bá ṣe ń sún mọ́ ilé kọ̀ọ̀kan ni tẹlifíṣọ̀n ibẹ̀ ń dákẹ́. Ọmọdé kan ṣílẹ̀kùn fún mi, ó ní, "Dádì ní àwọn ò sí nílé." Gẹ́gẹ́ bí àbọ̀ ìwádìí mi, kò sí ilé kankan tó ń lo iná ní òpópónà wa. Mo gbọ́ fíríìjì tó ń kùn nílé Olúwọlé. Ó ní ikùn òun ni.

Ọjọ́bọ̀, 29 Ṣẹ́rẹ́

Ìròyìn ti kàn pé àwọn oníná ń bọ̀ wá já wáyà, àti pé ọ̀gá wọn ti wá wo ilẹ̀ ní àná pẹ̀lú akoto. Èmi ni ọ̀gá náà. Ilẹ̀ tútù wà káàkiri ẹ̀yìnkùlé wa láàárọ̀ yìí. Wọ́n ti kó gbogbo ohun tí wọ́n rì kúrò níbi tí mi ò mọ̀, wọ́n ti gbé e lọ síbòmíràn tí mi ò mọ̀.

Mo dá fẹ́sìtì padà.

Àbámẹ́ta, 31 Ṣẹ́rẹ́

Ewúrẹ́ jẹ okùn tí mo ta fún ìlà ìpìlẹ̀. Ó jẹ ẹ́ gbọọrọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì.

Ọjọ́ Ajé, 2 Èrèlé

Abdulsobur padà wá. Mo ní kí a bẹ̀rẹ̀ láti ìdí igi àgbálùmọ̀, níbi tó jìnnà sí gbogbo ènìyàn. Mo ti ń fi ọ̀pá oparun tú ilẹ̀ wò nígbà tí Màmi sáré jáde láti ilé ìdáná, ìdérí ìkòkò lọ́wọ́.

"Ẹ má gbẹ́ ibẹ̀!"

"Kí ló dé, Màmi?"

Ó wò mí, ó wo Abdulsobur, ó wo ìdérí ìkòkò. "Ìwọ́ rẹ ni mo sin síbẹ̀."

Abdulsobur ṣí fìlà, ó fi ẹ̀yìn rìn kúrò níbẹ̀, ó ń tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ilẹ̀. Ọsibítù kan ní Ìkẹ́rẹ́ ni wọ́n bí mi sí. Pírámárì kẹrin ni mo wà nígbà tí a ra ilẹ̀ yìí. Bóyá ìwọ́ mi pẹ́ kó tó já.

Ní ìrọ̀lẹ́, nígbà tí Màmi lọ sí ìpàdé ìjọ, mo gbé kàlẹ́ńdà ìjọ tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kúrò lára ògiri. Súìsì ńlá kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ "Ìsàlẹ̀" sí apá kan, wọ́n kọ "Òkè" sí apá kejì, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó kọ́ ìdajì ìlú yìí ní ABD. Òkè ni ó wà. Mo dá kàlẹ́ńdà padà sáyè rẹ̀. Àkòrí ọdún yìí lára rẹ̀ ni "Ọdún Ìmọ́lẹ̀ Mi".

Ìṣẹ́gun, 3 Èrèlé

Alhaji Àkíbù wá bá mi fúnra rẹ̀.

"Ayọ̀rìndé, mo gbọ́ pé ẹ ń yẹra fún ìwọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ti Azeemah ọmọ mi náà wà níhìn-ín." Ó fi ọ̀pá rẹ̀ fa ìlà láti ẹsẹ̀ fàràǹdà rẹ̀, gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá, títí dé ṣọ́ọ̀bù táyà rẹ̀ nísàlẹ̀.

"Ìwọ́ Azeemah gùn, sà."

"Ọmọ tó ga ni."

Ó lọ. Mo dúró síbẹ̀ títí oòrùn fi yí kúrò lórí mi. Lẹ́yìn náà mo lọ gé èèkàn.

Àbámẹ́ta, 7 Èrèlé

Mo ti ránṣẹ́ sí ilé gbogbo pé a kò fẹ́ fi díígà kan ohun ọ̀wọ̀ ẹnikẹ́ni, kí olúkúlùkù tó bá sin ìwọ́ ọmọ sí ilẹ̀ wa jọ̀wọ́ wá fi èèkàn sàmì sí i. Mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bẹ àwọn ènìyàn wọ̀nyí. Lónìí wọ́n tò.

Ìyá arúgbó kan ní, "Ọmọ mi, ṣé ùwọ́ lè yà sọ́tùn-ún?"

Mo ní òmíràn máa ń yà, mà.

"Temi yà lẹ́ẹ̀mejì. Àpáta ló wà níbẹ̀."

"Ó jìn tó báwo, mà?"

"Ó tó orúnkún."

Bàbá kan ní ìbejì ni tòun, nítorí náà ìwọ́ méjì ni, ọ̀kan pupa, ọ̀kan dúdú. Mo ní Ọlọ́run á wò wọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní ti ọmọ òun kò jìn rárá, nítorí ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni òun tún un sin, ọ̀gá kan tó dé akoto ló kó ìpayà bá òun. Mo ní kí ó pẹ̀lẹ́.

Nígbà tí oòrùn mú, ẹ̀yìnkùlé wa ti dà bí oko iṣu tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ta ọ̀pá sí. Ọ́fíìsì méjì kò rí ohun tí mo rí lójú ilẹ̀ yẹn.

Olúwọlé dúró lójú fèrèsé rẹ̀, ó ń mu tíì. Mo ké sí i, "Bọ̀dá Olúwọlé, ẹ̀yin ńkọ́?"

"Mi ò tíì gbéyàwó, àbúrò. Ìwọ́ ta ni màá sin?"

Ojú rẹ̀ fà ro. Mo bá a kẹ́dùn.

Ọjọ́ Ajé, 9 Èrèlé

Mo lọ kí Alhaji lánàá, nítorí ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni gbogbo ìwọ́ àdúgbò ti ń jáde.

"Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, bí a bá ń gbẹ́lẹ̀, a fẹ́ kí àwọn ìwọ́ ó máa sùn."

"Kí wọ́n sùn títí di ìgbà wo?"

"Títí di ọ̀sán, sà."

Ó ronú sí i. "Wọ́n á sùn."

Láàárọ̀ yìí, fíúsì gbogbo wọn wà lórí tábìlì rẹ̀, wọ́n tò bí ọmọ ilé-ìwé jẹ́lé-ó-sinmi. Mo wọ bàtà òjò àti ìbọ̀wọ́ rọ́bà tí Màmi fi ń fọ ilé ìwẹ̀. Èmi ni mò ń ṣíwájú pẹ̀lú oparun, Abdulsobur ń tẹ̀lé mi. Ó ti ń kọrin padà, ẹsẹ kan náà. Mi ò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé ó ti wù mí gbọ́.

Ọjọ́bọ̀, 12 Èrèlé



Apá kan ló kù, láti èèkàn ìbejì títí dé igun. Kò sí èèkàn níbẹ̀. Fíúsì ń sùn lọ́dọ̀ Alhaji, kò sì sí iná láti àná, lókè àti nísàlẹ̀. Ooru pọ̀. Mo bọ́ ìbọ̀wọ́, mo kúnlẹ̀ sínú ihò, mo ń fi ọwọ́ lásán kó yẹ̀pẹ̀. Wọ́n kọ́ mi ní Poli pé kí n má ṣe bẹ́ẹ̀ láéláé. Mo tiẹ̀ gba máàkì tó dára nínú ìdánwò rẹ̀.

Apá mi ti wọ abẹ́ nǹkan kan kí n tó rí i. Mo fẹ́ yẹ̀pẹ̀ kúrò lórí rẹ̀. Wáyà dúdú ni, ojú egbò kan sì wà lára rẹ̀ níbi tí díígà ti jẹ ẹ́ lóṣù tó kọjá. Mo dá a mọ̀ bí ènìyàn ṣe ń dá ojú olè mọ̀. Òun ló ju Abdulsobur nù. Ẹni tó ni ín kàn gbé e kúrò lọ́hùn-ún wá síhìn-ín ni. Kọ́pà ń dán nínú egbò náà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ìgbọ̀nwọ́ mi.

Ìgbà náà ni àwọn ọmọdé hó yèè láti òkè dé ìsàlẹ̀: "Uná ti dé o! Uná ti dé!"

Orin Abdulsobur dúró.

"Injiníà, ẹ má mira o. Ẹ má mira rárá."

Mi ò mira. Mi ò mí pàápàá. Màmi ti jáde, ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo gbọ́ tí ó ń pe orúkọ mi ketekete bí ìgbà tí ó bá ń pe orúkọ nínú kíláàsì, tí ó ń dúró kí n dáhùn.

Ilẹ̀kùn Olúwọlé gbá. Ó yọ sí wa pẹ̀lú tówẹ́ẹ̀lì nídìí àti ọṣẹ lójú. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó sáré gba ẹ̀gbẹ́ ihò kọjá, ó bẹ́ sórí fàràǹdà Alhaji, ó gbá táyà méjì dànù, ó ṣí àpótí kékeré kan tó fara pamọ́ sẹ́yìn wọn, ó fa fíúsì kan yọ.

"Olúwọlé!" Alhaji dìde. "Fíúsì ta nìyẹn?"

"Alhaji, ẹ forí jì mí. Ìwọ́ mi ló wà lọ́wọ́ Ayọ̀rìndé."

Abdulsobur fà mí jáde láti ẹ̀yìn bí ìgbà tí wọ́n ń fa garawa nínú kànga. Mo jókòó sílẹ̀, mo ń wo ọwọ́ mi méjèèjì. Ó yé mi wàyí ìdí tí òun náà fi wo tirẹ̀.

Olúwọlé sọ̀kalẹ̀, fíúsì ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kò wò mí. Abdulsobur ló wò.

"Èmi ni."

"Ọjọ́ yẹn náà?"

"Ọjọ́ yẹn náà."

Abdulsobur mú díígà rẹ̀ nílẹ̀. A ń retí ohun tó máa ṣe, nítorí díígà wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní, "Ẹ lọ ṣan ọṣẹ ojú yín, sà. Yóò ta yín."

Màmi gbé oúnjẹ mi wá fúnra rẹ̀ nírọ̀lẹ́. Ó dúró.

"Ayọ̀rìndé. Ìwọ́ tìrẹ, ìyẹn tó wà nídìí àgbálùmọ̀. Ṣé ó sùn ní tòótọ́?"

"Ó sùn, Màmi."

"Kó máa sùn dáadáa."

Àbámẹ́ta, 14 Èrèlé

Olúwọlé gbé èèkàn tirẹ̀ wá, òun fúnra rẹ̀ ló gbẹ́ ẹ. Ìyá arúgbó ọjọ́sí bi í bóyá ó ti bímọ ni.

"Tèmi fúnra mi ni, mà. Láti Ìyìn ni màmá mi ti gbé e wá."

"Ó kú ìrìn," ni ìyá náà wí.

Ó ra páípù tí gbogbo ìwọ́ yóò wọ̀. Ó sì gbé Abdulsobur lọ sí ọsibítù kí wọ́n lè gbọ́ bí ọkàn rẹ̀ ṣe ń lù. Dókítà ní ọkàn rẹ̀ dára, eyín rẹ̀ ni kí ó lọ tọ́jú.

Ọjọ́rú, 18 Èrèlé

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀. A da kọnkéré kí oòrùn tó le, kí ó má baà rẹ Abdulsobur. Gbogbo ìwọ́ ti wọ páípù, ìpìlẹ̀ gba orí wọn kọjá wọ́ọ́rọ́wọ́.

Khadeejah dé nígbà tí a ń ṣan ṣọ́bìrì. Ó gba ọwọ́ ọkọ rẹ̀ kan, ó yẹ àtẹ́lẹwọ́ wò, ó yẹ ẹ̀yìn ọwọ́ wò, ó gba èkejì.

"Ó pé," ó ní fún mi. "Mo ti gbà á."

Nínú gbogbo ìwé-ẹ̀rí tí mo ní, ìyẹn nìkan ni mi ò rí gbé kọ́ ògiri.

Àbámẹ́ta, 28 Èrèlé

Òjò àkọ́rọ̀. Ó wó ìlà búlọ́ọ̀kù méjì. Bíríkìlà ní òjò ló fà á. Òjò ò sọ nǹkan kan.

Ẹtì, 13 Ẹrẹ́nà

Wẹ́dà gbé géètì sí ẹnu ọ̀nà, ó sì ní kí a ṣí i sílẹ̀ gbayawu títí di ìrọ̀lẹ́ kí ọ̀dà lè gbẹ. Ní ìrọ̀lẹ́ mo tì í. Màmi ti gbin ẹ̀fọ́ tuntun, ó ti hù. Ó dúró níwájú ògiri, ó ń wò ó bí ìgbà tí ó bá ń wá àṣìṣe nínú ìwé ọmọ.

"Ẹran kankan ò lè wọ ibí mọ́?"

"Kò lè ṣeé ṣe, Màmi."

Gẹ́gẹ́ bí ẹni tó kàwé rẹ̀, mo dúró lórí ọ̀rọ̀ yẹn.

Àbámẹ́ta, 14 Ẹrẹ́nà

Mo sun oorun gbogbo oṣù méjì. Alhaji ń wá ewúrẹ́ rẹ̀. Mo ní mi ò rí i. Inú mi dùn láti sọ bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ajé, 16 Ẹrẹ́nà

Màmi sọ ọ́, mo kọ ọ́, mo sì ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì:

ÌKÉDE PÀTÀKÌ

Èyí ni láti fi tó gbogbo olùgbé àdúgbò yìí létí pé ògiri ilé yìí ti parí, àti pé ẹran ọ̀sìn kankan kò lè gba inú rẹ̀ wọlé, bẹ́ẹ̀ ni kò lè gba inú rẹ̀ jáde. Nítorí èyí tí a sọ kẹ́yìn yìí, ewúrẹ́ Alhaji Àkíbù, tí wọ́n ti ń wá láti ọjọ́ Ẹtì, ṣì wà nínú ọgbà wa. Ara rẹ̀ le. Ó ti jẹ ẹ̀fọ́ tuntun tán, ó sì ti bí ọmọ méjì, akọ kan, abo kan. A ti sin ibi wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, láti ẹsẹ̀ fàràǹdà Alhaji títí dé fèrèsé ilé ìdáná Màmi. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀. Ó jìn tó orúnkún, ó sì wà nínú páípù.

Nípa àṣẹ,
Ìgbìmọ̀ Ìwọ́, Òkè-Ìlá, Adó-Èkìtì.